Obìnrin Tí Ń Rán Ẹnu Àpò

Ọkọ̀ tó ń kó oúnjẹ ìrànwọ́ wá kò tíì dé rí kí àpò má ya nínú rẹ̀. Àdó olóró ti gbẹ́ ojú ọ̀nà ní kòtò, àwọn sọ́jà tó ń já ẹrù sì máa ń fi ìkọ́ irin wọ́ àpò nílẹ̀ bí ẹni ń wọ́ ewúrẹ́ tí kò fẹ́ lọ. Ìyẹ̀fun á máa dà, ẹ̀wà á máa dà, àwọn tó tò sórí ìlà á sì máa wo ilẹ̀ bíi pé ẹ̀jẹ̀ ara wọn ló ń ṣòfò. Ìdí nìyẹn tí àwọn sọ́jà fi wá aránṣọ.

Ẹni tí wọ́n rí ni opó kan tó ń gbé òkè ilé alájà méjì lẹ́yìn ilé ìwé. Ìyá Aránṣọ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni, ara rẹ̀ gbẹ, ẹnu rẹ̀ mú. Kíláàsì kan tí wọ́n ti sọ di ilé ẹrù ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Ìṣirò tí tíṣà kan bẹ̀rẹ̀ tí kò parí ṣì wà lójú pátákó. Á jókòó sórí bẹ́ńṣì àwọn ọmọ kékeré, orúnkún rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n, á mú abẹ́rẹ́ àpò tó tẹ̀ bí èékánná àṣá, á ki òwú ọ̀rá bọ̀ ọ́, á sì máa di ẹnu àpò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bí ó bá rán an dé òpin, kì í ta kókó lásán bí àwọn aránṣọ yòókù. Á fa òwú mẹ́ta kéékèèké jáde láti ojú kan ṣoṣo, bí ẹsẹ̀ adìyẹ lórí ilẹ̀ tútù. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ. Ìyá rẹ̀ ní aránṣọ tí kò bá fi àmì sí iṣẹ́ rẹ̀, ó ní nǹkan tó ń bò.

Ìyàwó káfíńtà tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wọn ló bá a wá iṣẹ́ náà. Òun ló ń gbálẹ̀ ọgbà ilé ìwé. Ó ní ọmọ oṣù mẹ́rin lẹ́yìn, ebi sì ti gbẹ ọmú rẹ̀, débi pé mílíìkì inú ọkọ̀ yẹn nìkan ni ọmọ náà fi ń wà láyé.

"Sọ́jà?" ni Ìyá Aránṣọ wí lọ́jọ́ náà. "Bóo bá tún dárúkọ wọn nínú yàrá yìí, màá fi abẹ́rẹ́ rán ètè rẹ pọ̀."

"Ìyá, àpò oúnjẹ ni, kì í ṣe ṣòkòtò wọn. Bí ìyẹ̀fun bá dà sílẹ̀, ta ni kò ní í rí i jẹ? Èmi àti ẹ̀yin ni."

Ó lọ. Ṣùgbọ́n ó lọ bí ẹni tó ń lọ sílé àna tí kò fẹ́ràn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ òun àti sọ́jà ti pẹ́. Ọkọ rẹ̀ máa ń tún aago ṣe. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, tí í bá aago sọ̀rọ̀ ju bí ó ti ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ lọ. Ní ọdún àkọ́kọ́ ogun, àwọn sọ́jà wá tú ilé wọn wò bóyá ìbọn wà níbẹ̀. Wọ́n kó gbogbo ọkùnrin ilé síta, wọ́n ní kí wọ́n kọjú sí ògiri nínú oòrùn, kí wọ́n gbé ọwọ́ sókè. Ọkọ rẹ̀ ní ikọ́ fée. Oògùn tó máa ń fín sẹ́nu wà lórí tábìlì ẹ̀rọ ìránṣọ, kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ sẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Aránṣọ mú un lọ́wọ́, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun fún un. Sọ́jà tó dúró lẹ́nu ọ̀nà fi ọwọ́ dá a padà. Kò gbá a létí, kò bú u. Ó rẹ́rìn-ín sí i ni.

"Ẹ fara balẹ̀, ìyá. Kò níí pẹ́."

Aago mẹ́jọ ló wà lára ògiri nínú ilé, ọkọ rẹ̀ sì ti tò wọ́n kí wọ́n lè máa lù pọ̀. Wọ́n lu mẹ́wàá nígbà tí wọ́n mú un jáde. Ó ku ogún ìṣẹ́jú kí wọ́n lu méjìlá nígbà tó ṣubú. Kò sí ìbọn kankan nínú ilé náà.

Nígbà tí ogun sún síwájú, wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ láti wádìí ikú àwọn tó bá irú títú ilé bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá Aránṣọ lọ síbẹ̀. Akọ̀wé ìgbìmọ̀ bi í ní orúkọ sọ́jà náà. Kò mọ̀ ọ́n. Ó bi í ní ẹlẹ́rìí. Àwọn ọkùnrin tó kọjú sí ògiri kò rí ẹnu ọ̀nà.

"Aago mẹ́jọ," ni ó dáhùn.

Akọ̀wé náà rò pé àkókò ló ń sọ, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Kí a padà sí ilé ẹrù. Ọjọ́ kejì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀, ó ń rán àpò ẹ̀wà lọ́wọ́ nígbà tí ohùn kan gba ojú fèrèsé wọlé láti ibi ìlà: "Ẹ fara balẹ̀, ẹ̀yin ènìyàn mi. Kò níí pẹ́." Abẹ́rẹ́ gún un wọ inú ẹran ìka. Ó fi ẹnu fa ẹ̀jẹ̀ náà, ó dìde, ó wo ìta. Sájẹ́ńtì tó ń darí ọkọ̀ ni, ọkùnrin gíga tí kò tíì pé ogójì ọdún, ẹ̀rín ojú ìjọ́sí ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ bíi pé wọ́n rán an mọ́ ọn. Àwọn ará ìlà kúkú ti sọ ọ́ ní Kò-Níí-Pẹ́, nítorí ojoojúmọ́ ló ń sọ ọ́, ojoojúmọ́ ló sì ń pẹ́.

Ó tún gun àtẹ̀gùn lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀, pẹ̀lú orúkọ lọ́tẹ̀ yìí. Akọ̀wé kọ orúkọ náà, ó tún bèèrè ẹlẹ́rìí. Ó ní láìsí ẹlẹ́rìí, ọ̀rọ̀ náà kò lè rìn, àfi bí sọ́jà náà bá fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ìyá Aránṣọ dúpẹ́. Bí ó ti ń sọ̀ kalẹ̀ ló ń tún un sọ lábẹ́ ahọ́n: àfi bí ó bá fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.

Láti ọjọ́ náà, nǹkan méjì ló ń wá lọ́wọ́ ọkùnrin yìí. Kí ó dúró nínú oòrùn, ọwọ́ lókè, fún iye àkókò tí ọkọ òun fi dúró. Kí ó sì mọ ìdí rẹ̀.

Kí a sọ òótọ́, Kò-Níí-Pẹ́ mọ iṣẹ́ pínpín ẹrù. Ó máa ń bá àwọn arúgbó gbé àpò dé ẹnu géètì. Kì í jẹ́ kí àwọn géńdé ti obìnrin kúrò lórí ìlà. Bóyá ó ti yí padà, bóyá iṣẹ́ ló yí padà mọ́ ọn lọ́wọ́, èmi kò mọ ẹni tó lè wọn ìyẹn. Ìyá Aránṣọ kò tilẹ̀ gbìyànjú. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là ń pa àmúkúrú tó bà lé ni lórí ẹ̀pọ̀n, ó sì ní sùúrù. Nígbà tí àwọn sọ́jà bẹ̀rẹ̀ sí í kó ṣẹ́ẹ̀tì tó ya wá fún un, ó gbà. Nígbà tí Sájẹ́ńtì mú tirẹ̀ wá, ó rán ọrùn ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó sì tẹ ẹsẹ̀ adìyẹ síbẹ̀.

"Ìyá, adìyẹ yín tún ti tẹ ṣẹ́ẹ̀tì mi mọ́lẹ̀," ni Sájẹ́ńtì wí nígbà tó wá gbà á.

"Ẹni tí adìyẹ fẹ́ràn ló ń tẹ̀, ọ̀gá."

"Kí ló dé tí kì í wá yé ẹyin fún mi?"

"Ẹyin ń bọ̀. Ẹ fara balẹ̀."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Kò níí pẹ́, àbí?"

"Kò níí pẹ́," ni Ìyá Aránṣọ wí, ó sì kọjú sí àpò rẹ̀.

Ọ̀nà là ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Wọ́n ká ẹrù mọ́ dírẹ́bà kan lọ́wọ́, gbogbo àdúgbò sì rí ohun tí òfin wí. Àwọn tó ń fi ẹrù ránṣẹ́ láti òkè òkun ní bí a bá rí ẹrù níbi tí kò yẹ, ẹni tó ni ọkọ̀ náà lábẹ́ àkóso á dúró ní gbangba, lójú àwọn tí ẹrù jẹ́ tiwọn, títí wọn yóò fi tú ọkọ̀ náà wò tán. Àwọn ọlọ́pàá ológun, ìyẹn àwọn sọ́jà tí ń mú sọ́jà, ni wọ́n fi ọwọ́-lókè kún un. Dírẹ́bà náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ilé ìwé, òógùn bo ojú rẹ̀. Ìyá Aránṣọ wò ó láti ojú fèrèsé títí tí òwú fi bọ́ lójú abẹ́rẹ́ rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé kan, Sájẹ́ńtì tú ìjókòó iwájú jíìpù rẹ̀ wá, awọ rẹ̀ ti ya, fóòmù ti yọjú. Lọ́jọ́ yẹn kan náà, páálí mílíìkì ọmọdé kan wà ní igun ilé ẹrù tí ìkọ́ irin ti fà ya. Ìyá Aránṣọ wo páálí, ó wo ìjókòó. Láti ọgbà, ó ń gbọ́ ìgbálẹ̀ ìyàwó káfíńtà, ó sì ń gbọ́ ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ tó ń ráhùn. Ó mọ ẹni tó ni mílíìkì náà. Kí ẹnikẹ́ni má purọ́ mọ́ ọn pé kò rò ó. Ó rò ó dáadáa. Lẹ́yìn náà ló mú ọ̀rá mílíìkì mẹ́rin, ó tẹ́ wọn sábẹ́ fóòmù, ó rán awọ náà pa, ó sì tẹ ẹsẹ̀ adìyẹ sí òpin rẹ̀. Ó lè ta kókó lásán. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀san tí ẹni tó jẹ ẹ́ kò bá mọ ẹni tó san án, òfò lásán ni.

Ọjọ́bọ̀ ni obìnrin tó ń ṣojú àwọn olùrànlọ́wọ́ máa ń wá yẹ ẹrù wò. Màdáámù Fáìlì ni wọ́n ń pè é, nítorí fáìlì tó máa ń gbá mọ́ abíyá bí ọmọ tuntun. Kì í rẹ́rìn-ín, kì í sì í mu omi ẹnikẹ́ni. Ó gbé páálí tó ya náà wò.

"Èyí fúyẹ́," ó wí. "Ta ló ń wọ ibí?"

"Èmi ni," ni Ìyá Aránṣọ dáhùn, "àti àwọn sọ́jà."

"Ṣé ẹ rí ẹni tó fọwọ́ kàn án?"

"Ojú mi kì í kúrò lára abẹ́rẹ́, màdáámù." Ó fi eyín gé òwú. "Àfi ìjókòó jíìpù kan tí mo rán fún wọn lọ́jọ́ Ajé. Nígbà tó kúrò lọ́wọ́ mi, kò wú tó báyìí."

Kò pẹ́ tí ọlọ́pàá ológun kan fi ọ̀bẹ la ìjókòó náà nínú ọgbà. Ọ̀rá mílíìkì mẹ́rin jábọ́ sórí iyẹ̀pẹ̀.

"Àṣé orí oúnjẹ ọmọ wa ló ń jókòó lé," ni bàbá arúgbó kan wí.

"Abájọ tí ìdí rẹ̀ fi ń sanra," ni obìnrin kan dá a lóhùn.

Wọ́n mú Sájẹ́ńtì lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ tú u wò dáadáa," ó sọ fún àwọn ọlọ́pàá náà. "Kò níí pẹ́." Aago ọwọ́ ọkọ rẹ̀ ni Ìyá Aránṣọ dè mọ́wọ́. Ìṣẹ́jú márùn-ún ló ti kọjá lórí aago mẹ́wàá. Ó gbé bẹ́ńṣì rẹ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, ó jókòó, ó sì ń rán àpò lọ.

Jíìpù ni wọ́n kọ́kọ́ tú, lẹ́yìn náà ọkọ̀ ńlá, táyà, abẹ́ ẹ̀ńjìnnì. Nígbà tó fi di aago mọ́kànlá, ẹ̀rín ti gbẹ lẹ́nu Sájẹ́ńtì. Òógùn ń wọ̀ ọ́ lójú, kò sì rí ọwọ́ fi nù ún. Níbi tó ti ń yí orí láti fi èjìká nu ojú ló ti rí ọrùn ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lókè. Ó wo awọ ìjókòó nílẹ̀. Ó tún wo ṣẹ́ẹ̀tì.

"Màdáámù, ẹ jọ̀wọ́," ó wí. "Obìnrin aránṣọ yẹn ló rán èyí. Àmì ọwọ́ rẹ̀ nìyí. Ẹ wo apá mi, àmì kan náà ni."

Màdáámù Fáìlì wo méjèèjì. Ó yíjú sí Ìyá Aránṣọ.

"Èmi ni mo ń rán gbogbo nǹkan níbí," ni Ìyá Aránṣọ wí. "Ṣé ẹni tó rán àpò náà ló jí ìyẹ̀fun?"

"Òun ló kó o síbẹ̀," ni Sájẹ́ńtì wí. "Òun ló fẹ́ bà mí jẹ́."

"Nítorí kí ni?" ni Màdáámù Fáìlì bi í. "Kí lẹ fi ṣe é?"

"Kò sí nǹkan kan. Mi ò mọ̀ ọ́n rí kó tó débí."

Màdáámù ṣí fáìlì rẹ̀, ó kọ nǹkan sínú rẹ̀, ó sì padà sídìí ọkọ̀.

Ìyá Aránṣọ ti múra sílẹ̀ de irọ́, ó ti múra de èébú. Kò múra de gbólóhùn yìí. Ọkùnrin náà kò purọ́. Ó hàn lójú rẹ̀ pé kò mọ̀ ọ́n rí lóòótọ́. Ilé tó tú kì í ṣe ẹyọ kan. Ẹni tó ṣu máa ń gbàgbé, ẹni tó kó o ni kì í gbàgbé. Ọdún méjì gbáko ni Ìyá Aránṣọ fi ń gbé ojú ọkùnrin yìí sùn tó sì ń gbé e jí, òun kò sì ní yàrá kankan nínú orí ọkùnrin náà.

Ó fi abẹ́rẹ́ gún àpò, ó fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Ó bu omi sínú ife kan, ó sì rìn lọ síbi ògiri.

"Ẹ jẹ́ kó fún un," ni ọlọ́pàá ológun kan sọ fún èkejì. "Ìyá arúgbó ni."

"Wo ìyá olóore," ni ẹnì kan wí lórí ìlà.

Ó gbé ife náà sókè, ó ku díẹ̀ kó kan ètè Sájẹ́ńtì.

"Ilé alájà méjì tó wà lẹ́yìn ilé ìwé yìí, ilẹ̀kùn rẹ̀ dúdú," ó wí, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń dúpẹ́ lọ. "Ọkùnrin kan tó ń tún aago ṣe. Ìwọ lo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo gbé oògùn rẹ̀ lọ́wọ́, o dá mi padà."

Kò tíì pè é ní ìwọ rí. Sájẹ́ńtì tún ojú rẹ̀ wò dáadáa.

"Àwọn aago," ó wí. "Wọ́n máa ń lù lẹ́ẹ̀kan náà."

"O rántí."

"Ìyá, mi ò mọ̀ pé ó máa—"

"O gbọ́ bó ṣe ń wá èémí. Etí rẹ kò di."

"Màá sọ fún wọn. Màá sọ pé ọ̀rọ̀ yẹn lẹ fi ṣe mí báyìí."

"Sọ ọ́. Màdáámù ti bi ọ́ ní ìdí, sọ ìdí náà fún un, kí o sọ ọ́ sókè kí àwọn ọlọ́pàá wọ̀nyí gbọ́. Ìgbìmọ̀ ní àfi bí o bá fẹnu ara rẹ sọ ọ́. Tàbí kí o dákẹ́, kí o di olè mílíìkì." Ó tẹ ife náà síwájú díẹ̀. "Mu omi. Kò níí pẹ́."

Sájẹ́ńtì kò mu ún. Ìyá Aránṣọ da omi náà sídìí ògiri, ó sì padà sórí bẹ́ńṣì rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n tú ọkọ̀ tán, Màdáámù Fáìlì wá dúró níwájú rẹ̀. "Ẹ ní obìnrin yẹn ni. Ṣé ẹ ti rántí ohun tó lè fà á?"

Sájẹ́ńtì wo ẹnu ọ̀nà kíláàsì. Ó wo àwọn ọlọ́pàá ológun. Olè á pàdánù okùn apá rẹ̀ tó fi ipò rẹ̀ hàn. Ẹni tí ìgbìmọ̀ bá mú á pàdánù jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì sí sọ́jà tí kò mọ̀ ọ́n.

"Rárá," ó wí. "Kò sí nǹkan tó fà á."

"Ṣé ẹ̀yin lẹ kó o, nígbà náà?"

"Èmi ni."

Wọ́n ní kó sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ìyá Aránṣọ wo aago: ó ku ìṣẹ́jú méjìlá kí aago méjìlá lù. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ló fi lé ti ọkọ rẹ̀. Ó ka mẹ́ta náà sí ènì.

Wọ́n já okùn apá Kò-Níí-Pẹ́, wọ́n sì gbé e kúrò ní àdúgbò. Àwọn kan ní ó ń já ẹrù ní èbúté, àwọn kan ní iwájú ogun ló wà. Kò sí ẹni tó lọ wò ó. Ọ̀rá mílíìkì mẹ́rin náà wọ inú àpò ẹ̀rí, wọ́n lẹ̀ ẹ́ pa, wọ́n gbé e lọ. Màdáámù Fáìlì sì ní ẹrù kankan kò ní í wọlé mọ́ títí wọn yóò fi yan ọ̀gá ọkọ̀ mìíràn. Ọjọ́ mọ́kànlá ni ó gbà wọ́n.

Ní ọjọ́ kejìlá, lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti dé, ìyàwó káfíńtà gun òkè wá. Aago mẹ́jọ wà lára ògiri, kò sí èyí tó ń ṣiṣẹ́. Ìyá Aránṣọ kò yí kọ́kọ́rọ́ wọn mọ́ láti ọjọ́ tó di opó. Ọmọ ń mu mílíìkì lápá ìyá rẹ̀, ọrùn rẹ̀ ti rí bí igi ìṣáná. Obìnrin náà tẹ́ aṣọ ìpọnmọ kan tó ya sórí tábìlì ẹ̀rọ, aṣọ tí Ìyá Aránṣọ ti rán rí, ẹsẹ̀ adìyẹ ṣì wà ní igun rẹ̀.

"Èmi ni mo gbá ibi tí wọ́n ti la ìjókòó yẹn, ìyá," ó wí. "Mo rí adìyẹ yín lára awọ."

Ìyá Aránṣọ fa aṣọ náà mọ́ra, ó ń wo ibi tó ya.

"Ọjọ́ mọ́kànlá ni ọmọ mi fi mu omi ìrẹsì. Lọ́jọ́ keje, kò lè sunkún mọ́. Ó kàn ń la ẹnu ni."

"Mo gbọ́."

"Ẹ gbọ́?"

"Orí yàrá yín ni yàrá mi wà. Mo gbọ́ nígbà tó ń sunkún, mo sì gbọ́ nígbà tó dákẹ́."

"Ẹ ò bá ti sọ fún mi kẹ́ ẹ tó ṣe é. Ǹ bá wá bí màá ṣe tọ́jú díẹ̀ sílẹ̀."

"Bí mo bá sọ fún ọ, ò bá bẹ̀ mí."

"Ǹ bá bẹ̀ yín."

"Ǹ bá sì gbọ́," ni Ìyá Aránṣọ wí.

Ìyàwó káfíńtà gbé ọmọ sí apá kejì. "Ṣé ó tù yín lára?"

"Ó tù mí."

"Kì í ṣe Kò-Níí-Pẹ́ nìkan ló wá tú ilé yìí lọ́jọ́ náà. Bí òmíràn bá tún bọ́ sí yín lọ́wọ́ lọ́la ńkọ́?"

Ìyá Aránṣọ fi itọ́ tọ́ ẹnu òwú, ó ki í bọ abẹ́rẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rán.

"Màá kọ́kọ́ yọ mílíìkì ọmọ rẹ sọ́tọ̀," ó wí.

Ìyàwó káfíńtà kò rẹ́rìn-ín, kò sì gba aṣọ náà padà. Ó dúró dè é. Nígbà tí Ìyá Aránṣọ rán an dé òpin, kò tẹ ẹsẹ̀ adìyẹ síbẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Kókó lásán ló ta, bí aránṣọ tó ní nǹkan tó ń bò, ó fi eyín gé òwú, ó sì na aṣọ náà sí i. Obìnrin náà wo kókó yẹn pẹ́ kó tó fi aṣọ náà pọn ọmọ rẹ̀.